Èkó sí Sydney: wákàtí mélòó gan-an lọmọ máa lò lófurufú?

Ìyá Rẹ̀mí (Igbogbo) kọ:
Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti fẹ́ dìjà nínú ilé wa. Ọmọ mi obìnrin ti rí ààyè gbà ní yunifásítì kan ní Sydney, Ọsirélíà lọ́hùn-ún, oṣù keje ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, físà ti jáde, a dúpẹ́. Ajẹ́ńtì wá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lánàá, ó ní ọmọ á gbéra ní Ìkẹjà lọ́jọ́bọ̀ ní aago 7 alẹ́, á gba Dubai, á wá balẹ̀ sí Sydney ní Sátidé aago 7 àárọ̀. Mo fìka kà á títí, wákàtí 36 ni mo rí. Ajẹ́ńtì ní rárá mà, 27 ni. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí àwa méjèèjì lọ jókòó, òun ti tẹ̀ ẹ́ sórí Google, wákàtí 17 ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? Àti pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé e gba Dubai, ṣé kò sí ọkọ̀ tó ń lọ tààrà ni?

SisíAgric kọ:
Ẹ kú oríire o Mummy Rẹ̀mí! Ọlọ́run á sìn ín lọ, á sìn ín bọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa Sydney, èyí tí mo mọ̀ ni pé láti Agric ní Ìkòròdú níbí dé Mile 12 láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹni tó wọ bààlúù lọ Accra ti débẹ̀, ó ti jẹun, ó ti ń wá ibi tó máa sùn. Mo jókòó síbí o, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó wá là á fún wa.

Lékan Odogunyan kọ:
Ẹ kú alẹ́ mà. Mo bá wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìkẹjà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó gba iṣẹ́ míì, ẹ jẹ́ kí n là á. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí kálukú ń kà ni kò jọra.

Ká kọ́kọ́ mú ti àbúrò yín. Láti Ìkẹjà sí Sydney, ká ní èèyàn lè fa okùn tààrà lójú òfurufú, ó tó kìlómítà 15,500. Bààlúù ńlá máa ń sá bíi kìlómítà 900 láàárín wákàtí kan. Ẹ pín in, wákàtí 17 àti díẹ̀ ló máa jáde. Ibi tí Google ti mú tiẹ̀ nìyẹn, ìṣirò lásán ni, kò sí bààlúù èrò kankan tó ń ná ọ̀nà yẹn láìdúró.

Ẹ̀yin wá mú aago Èkó, ẹ sì fi aago Sydney parí ẹ̀, ibẹ̀ ló ti dojú rú. Tó bá jẹ́ aago 7 alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nílé yín ní Igbogbo, aago 4 ìdájí Ẹtì ló máa jẹ́ lọ́hùn-ún, torí lóṣù keje wákàtí 9 ni wọ́n fi ṣáájú wa. Ẹ yọ 9 yẹn kúrò nínú 36 yín, ó ku 27. Ajẹ́ńtì yín mọṣẹ́ ẹ̀.

Bí wákàtí 27 yẹn ṣe pín ni pé Èkó sí Dubai á gbà tó wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45, ọmọ á jókòó sí Dubai fún wákàtí 5 àti díẹ̀, lẹ́yìn náà Dubai sí Sydney, wákàtí 14 gbáko. Èyí tó máa lò lókè gan-an ò pé 22.

Bàbá Ìbejì Ìjẹdè kọ:
Gbogbo ẹ̀ dáa. Àmọ́ kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ Johannesburg? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Melbourne, Joburg ló máa ń gbà, ó ní ọ̀nà yẹn yá ju ti àwọn Lárúbáwá lọ dáadáa.

Àgbà Ẹ̀bùtẹ́ kọ:
Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́. Joburg kẹ̀? Mo ní máàpù ayé ńlá kan lára ògiri pálọ̀ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde báyìí mo gbé rúlà lé e. Láti ọ̀dọ̀ wa sí Sydney, ìlà náà gba orí Congo, ó jáde lápá Mombasa, ó sọdá òkun Íńdíà, ó wá gba ìwọ̀ oòrùn wọ Ọsirélíà. Joburg ti sọ̀ kalẹ̀ jù. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ ń fowó epo ṣòfò ni. Lékan, o ṣé fún àlàyé aago yẹn o, ó lọ geere, ṣùgbọ́n ti Joburg yìí mi ò gbà.

Lékan Odogunyan kọ:
Àgbà, ẹ kú alẹ́ sà. Rúlà yín ò ní ẹ̀bi, máàpù yẹn ni. Wọ́n ti tẹ́ ohun tó rí roboto sórí ògiri pẹlẹbẹ, gbogbo ọ̀nà tó bá jìn ló máa ń daríkodò níbẹ̀.

Ẹ mú ọsàn kan nílé, èyí tó tóbi díẹ̀. Ẹ fi bírò fa ìlà yí àárín ẹ̀ po, ìyẹn nìlà tó pín ayé sí méjì. Ẹ to Èkó sí òkè ìlà yẹn bín-ín-tín, ẹ wá yí ọsàn títí Èkó á fi fẹ́ẹ̀ kúrò lójú, ẹ to Sydney sí ìsàlẹ̀ ìlà lápá kejì tó jìnnà sí Èkó. Ẹ fi píìnì gún ibi méjèèjì, ẹ na òwú sáàárín wọn kẹ́ ẹ fà á kó le dáadáa. Òwú yẹn ò ní gba ibi tí rúlà yín gbà. Á yọ̀ sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀, á sún mọ́ Gúúsù Áfíríkà pẹ́kípẹ́kí, á lọ sísàlẹ̀ gan-an lórí òkun, lápá ibi tí àwọn erékùṣù Kerguelen ti Faransé wà, kó tó wá gòkè padà sí Sydney.

Ẹ wo fígọ̀ ẹ̀. Èkó sí Joburg ń lọ sí bíi kìlómítà 4,500. Joburg sí Sydney, 11,000 àti díẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, kò fi kìlómítà 100 ju okùn tààrà lọ. Bẹ́ẹ̀ Èkó sí Dubai jẹ́ 5,900, Dubai sí Sydney jẹ́ 12,000, ìyẹn 17,900. Ó ju ti Joburg lọ ní nǹkan bíi 2,300.

Àgbà Ẹ̀bùtẹ́ kọ:
Mo ti fọsàn ṣe é. Òwú ọ̀hún yọ̀ sísàlẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ ọmọ mi ti bó ọsàn náà jẹ, ó ní inki ẹ̀ ò débẹ̀. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ń gbé gbogbo ayé gba Dubai?

TólúFàájì kọ:
Kí ẹ tó dáhùn Àgbà, nǹkan kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn látọjọ́ yìí. Mo rí i pé Joburg sí Sydney, nǹkan bíi wákàtí 12 ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n Sydney sí Joburg, 14 ni. Ọ̀nà kan náà o! Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa ní torí pé ayé ń yí ni, pé tí bààlúù bá wà lókè, ilẹ̀ ń yí lọ nísàlẹ̀ ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Tíṣà Físíìsì (Sabo) kọ:
Rárá o. Tó bá jẹ́ torí ayé ń yí ni, ẹni tó bá fò sókè ní Sabo ì bá balẹ̀ sí Ketu, gbogbo wa ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ gosiló. Ayé ń yí, afẹ́fẹ́ tó bò ó náà ń bá a yí, bààlúù wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, nítorí náà yíyí ayé ò gbé ẹnikẹ́ni débì kankan.

Atẹ́gùn ni. Lápá gúúsù ayé lọ́hùn-ún, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ni atẹ́gùn ńlá máa ń fẹ́, kò fẹ́ẹ̀ ní òkè kan tó dá a dúró torí òkun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló ń ti ọkọ̀ onígbòkun wọn lọ. Lókè níbi tí bààlúù ń gbà ló tún wá le jù. Ẹni tó ń lọ Sydney, atẹ́gùn ń tì í lẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ̀ ń forí kò ó.

Lápá àríwá náà bẹ́ẹ̀ ni. Lóṣù kejì ọdún 2020, ìjì ńlá kan ń jà lórí òkun Àtìláńtíìkì, bààlúù British Airways kan gbéra ní New York, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 ló fi dé London. Ọ̀nà yẹn máa ń tó wákàtí 6 sí 7. Tí wọ́n bá wọn eré ẹ̀ látilẹ̀, ó kọjá kìlómítà 1,300 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan tó ju tẹ́lẹ̀ lọ, atẹ́gùn ló ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n yé fi 900 pín gbogbo ọ̀nà, ìdáhùn tó máa jáde á kàn sún mọ́ òótọ́ ni.

Ọmọ Àgbádárìgì kọ:
Ẹ jẹ́ kí èmi ará Badagry náà sọ tèmi. Ẹ ò tíì fi ọ̀rọ̀ àwọn ìjọba kún un. Ojú òfurufú náà ní bọ́dà, bíi Sẹ̀mẹ̀ wa níbí, kò kàn sí ẹni tó ń na ọwọ́ béèrè nǹkan ni. Ẹ rántí 2023 táwọn sọ́jà gbàjọba ní Niger. Lóṣù kẹjọ wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa, àwọn bààlúù tó ń ti London bọ̀ wá Èkó ní láti yí gba ibòmíì, ọ̀nà tó máa ń tó wákàtí 6 àbọ̀ wá di gígùn, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Ti Rọ́ṣíà ló tún wá burú jù. Látìgbà ogun Yukréènì ní 2022, àwọn bààlúù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò lè gba orí Rọ́ṣíà mọ́, London sí Tokyo tó jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sí 14 báyìí. Ìlú méjèèjì ò kúrò lójú kan o.

Ìyá Rẹ̀mí (Igbogbo) kọ:
Ẹ ṣé o ẹ̀yin ọmọ mi, orí mi ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Lékan, bóo ṣe wá ṣàlàyé Joburg yìí, ṣé kí n sọ fún ajẹ́ńtì pé kó yí i padà sí ibẹ̀ ni? Ọmọ náà ò fẹ́ràn kó pẹ́ nínú ọkọ̀, ìgbà tá a lọ Ìjẹ̀bú gan-an ó bì.

Lékan Odogunyan kọ:
Mummy, ẹ má yí i padà mà, ẹ jẹ́ kó gba Dubai. Èyí á dáhùn ìbéèrè Àgbà náà.

Ọ̀nà kúkúrú lórí ọsàn yàtọ̀ sí ọ̀nà kúkúrú nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Joburg sí Sydney láìdúró, Qantas, ilé iṣẹ́ bààlúù Ọsirélíà, ló ń ná an. Èkó sí Joburg, ilé iṣẹ́ míì nìyẹn. Tí àsìkò wọn ò bá bára mu, ọmọ lè jókòó sí Joburg látàárọ̀ dalẹ́ tàbí kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, wákàtí 3 tẹ́ ẹ rò pé ẹ jèrè lókè á ti wọlẹ̀ nísàlẹ̀. Ti Dubai, ilé iṣẹ́ kan náà ló gbé e láti Èkó dé Sydney, bààlúù tó sì ń ti Dubai lọ Sydney ju ẹyọ kan lọ lójúmọ́, tí àkọ́kọ́ bá já a kulẹ̀ wọ́n á sún un sí èkejì láìgba kọ́bọ̀.

Nǹkan tó tún burú jù ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ajẹ́ńtì kan máa ń ṣe é kó lè dínwó, wọ́n á ra Èkó sí Joburg lọ́tọ̀, wọ́n á ra Joburg sí Sydney lọ́tọ̀, wọn ò ní sọ fún yín. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ lè ní láti jáde lọ gbẹ́rù ẹ̀ kó tún wá ṣe check-in lákọ̀tun, kó tó jáde ó gbọ́dọ̀ ní físà Gúúsù Áfíríkà, àwa ọmọ Nàìjíríà ò lè wọbẹ̀ láìní físà. Tí àkọ́kọ́ bá sì pẹ́ tí ìkejì bá lọ, ìkejì ò jẹ yín ní gbèsè kankan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ajẹ́ńtì bóyá nọ́ńbà búkìn-ín kan ṣoṣo ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí wọ́n sì so ẹrù mọ́ Sydney láti Ìkẹjà, ẹ fọkàn balẹ̀.

TólúFàájì kọ:
Ẹ tún wo èyí o. Ní January 2025, Qantas sọ fáráyé pé àwọn ti ń sún àsìkò bààlúù Joburg síwájú torí pé àjákù rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX lè já bọ́ sórí òkun Íńdíà lápá gúúsù lọ́nà ibi tí wọ́n ń gbà. Àwa ń sá fún danfó, àwọn ń sá fún rọ́kẹ́ẹ̀tì.

SisíAgric kọ:
Èmi ò tíì gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè Mummy tó gbẹ̀yìn o. Kí ló dé tí wọn ò kàn fò tààrà? Ṣé epo ni kò ní tó?

Tíṣà Físíìsì (Sabo) kọ:
Epo wà lára ìdí ẹ̀, iye èrò náà wà lára ẹ̀. Ọ̀nà tó gùn jù lọ tí bààlúù èrò ń ná láìdúró báyìí ni Singapore sí New York, bíi kìlómítà 15,300, ó máa ń gbà ju wákàtí 18 lọ. Èkó sí Sydney tiẹ̀ tún gùn jùyẹn lọ díẹ̀. Èyí tí Singapore Airlines ń lò fún un, Airbus A350 kan tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn, àga 161 péré ló wà nínú ẹ̀, kò sì sí ìjókòó olówó pọ́ọ́kú kankan níbẹ̀. Epo tí wọ́n máa jó fún wákàtí tó gbẹ̀yìn, látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń rù ú, ìyẹn náà tún ń jẹ epo. Bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn sí i ni èrò tí wọ́n lè gbé ń dín kù. Ta ló wà láàárín Èkó àti Sydney tó máa kún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́?

Ti Sydney sí London ni wọ́n ń bá yí. Qantas ti bèèrè fún A350-1000 méjìlá lọ́dún 2022, wọ́n ń fi táǹkì epo kún un tó ń gba líítà 20,000, kí wọ́n lè fò tó kìlómítà 17,000 láìbalẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 20. Èrò 238 ni wọ́n ní àwọn máa kó sí i.

SisíAgric kọ:
Wákàtí 20 lórí ìjókòó kan? Wọ́n á kàn kí mi ní ẹ kú ìrìn, wọ́n á gbé mi sọ̀ kalẹ̀ ni. Èmi fara mọ́ Dubai jàre, ẹsẹ̀ á nà, èèyàn á rìn káàkiri ilé ìtajà kó tún fojú jẹ góòlù.

Bàbá Ìbejì Ìjẹdè kọ:
Mummy Rẹ̀mí, ẹ sọ fún un kó máa dìde rìn láàárín àga ní gbogbo wákàtí méjì-méjì, kó máa mumi, kó má wọ ṣòkòtò tó há. Ẹ̀jẹ̀ máa ń sé sí ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó pẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìkan. Tó bá sì ń bì, kó béèrè àga ẹ̀bá ìyẹ́, ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń fi jù.

Àgbà Ẹ̀bùtẹ́ kọ:
Gbogbo yín ń ṣírò òfurufú, ta ló ń ṣírò ilẹ̀? Bààlúù aago 7 alẹ́, kí ọmọ wà ní pápákọ̀ ní aago 4, ó pẹ́ tán. Láti Igbogbo lọ́jọ́bọ̀, mo ní kí wọ́n kúrò nílé ní aago 11 àárọ̀. Ẹ má dá ẹni tó bá ní wákàtí kan ààbọ̀ ti tó lóhùn. Kò sí nǹkan tó le tó kí èèyàn máa wo bààlúù tó gbéra lókè lórí afárá Ketu, kó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tòun.

Lékan Odogunyan kọ:
Tàbí kí wọ́n gba ọ̀nà Ṣàgámù, kí wọ́n já sí Èkó sí Ìbàdàn, kí wọ́n wọlé láti Berger. Ó gùn, àmọ́ tí Mile 12 bá ti dì, ó máa ń yá jù.

Àgbà Ẹ̀bùtẹ́ kọ:
Tí tírélà ò bá ṣubú lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Kí wọ́n kúkú lọ sùn ní Ìkẹjà lálẹ́ Ọjọ́rú bí wọ́n bá ní ẹbí níbẹ̀.

Ìyá Rẹ̀mí (Igbogbo) kọ:
Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Mangoro, wọ́n á sùn síbẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù mi. Tó bá balẹ̀ ní aago 7 àárọ̀ Sátidé tiwọn, aago mélòó ni kí n máa retí ìpè ẹ̀ níbí? Mi ò ní sùn kí n tó gbóhùn ẹ̀.

Tíṣà Físíìsì (Sabo) kọ:
Aago 10 alẹ́ Ẹtì ló máa jẹ́ níbí mà. Ṣùgbọ́n ẹ má retí ẹ̀ kó tó di aago 11, ó tiẹ̀ lè di 12, torí á kọ́kọ́ to síwájú imigiréṣọ̀n, á wá gbẹ́rù, lẹ́yìn náà àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò. Ọsirélíà ò fọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré rárá. Kó kọ gbogbo ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ sínú káàdì tí wọ́n máa fún un, gàrí, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, ohunkóhun. Èyí tí wọn ò bá fẹ́ wọ́n á gbà á, kò sí wàhálà. Èyí téèyàn bá fi pamọ́ ni wọ́n ń gbowó ìtanràn lé lórí, owó ńlá.

Nǹkan kan tún kù o. Wákàtí 9 yẹn ò ní dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú ní Sydney, á di wákàtí 10 títí di oṣù kẹrin. Tẹ́ ẹ bá ń pè é ní aago 3 ọ̀sán lóṣù kejìlá, aago 1 òru ni lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ìyá Rẹ̀mí (Igbogbo) kọ:
Yéè! Ẹja gbígbẹ ti wà nísàlẹ̀ báàgì láti ọjọ́ Sọ́ńdè, mo ti fi aṣọ wé e kí wọ́n má gbóòórùn ẹ̀. Ó dáa kí n yọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ kó kọ ọ́ sínú káàdì yẹn.

SisíAgric kọ:
Mummy, èyí tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dà á nù o. Igbogbo sí Agric ò nílò físà.